Géèmù Ìtàn Alápá-Púpọ̀ fún Ẹni tí Ó Ń Dá Ṣiṣẹ́: Ìfiwéra Irinṣẹ́ àti Ọ̀nà Ìgbéjáde

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ṣe géèmù ìtàn alàwòrán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní visual novel, tí àwòrán ẹ̀dá-ìtàn máa ń dúró lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí ọ̀rọ̀ wọn ń hàn nísàlẹ̀, tí ẹni tí ó ń gbá a sì ń yan ohun tí wọn yóò ṣe, kì í pẹ́ tí yóò fi rí i pé irinṣẹ́ kò wọ́n. Yíyàn láàárín wọn ni ó ṣòro. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi wọ́n wéra nípa bí a ṣe lè tètè bẹ̀rẹ̀: èwo ni kò nílò kóòdù, èwo ni ó ní àwòrán ọ̀fẹ́ nínú. Ìbéèrè wọ̀nyẹn dára fún géèmù tí yóò jáde lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì parí. Fún géèmù tí yóò máa jáde ní apá-apá, ìbéèrè mìíràn ni mo fi ń wọn ohun gbogbo nínú ìfiwéra yìí: ní ọjọ́ tí apá kejì bá jáde, ṣé ẹni tí ó ti gbá apá kìíní yóò lè tẹ̀síwájú láti ibi tí ó dé, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ti yàn, láìjẹ́ pé séèfù rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí ó dé àti ohun tí ó yàn, bàjẹ́?

Irinṣẹ́ mẹ́rin

Ren'Py ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dá ṣe irú géèmù yìí ń lò, ó sì ti wà láti 2004. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá sì fi ṣe géèmù lè tà á láìsan owó kankan padà fún àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ náà. Bí ìwé eré orí ìtàgé ni ohun tí à ń kọ sínú rẹ̀ ṣe rí: orúkọ ẹ̀dá-ìtàn yóò ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí ó sọ yóò tẹ̀ lé e láàárín àmì àyọlò, àṣẹ kúkúrú kan yóò sì sọ àwòrán tí yóò hàn. Ẹni tí kò kọ kóòdù rí lè kọ ìran kan nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan, ẹni tí ó sì mọ èdè Python lè ṣe ohun tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwé kan ṣoṣo yẹn ni ẹ̀yà ti Windows, Mac, Linux, Android, iPhone àti ti búráúsà ti ń jáde. Doki Doki Literature Club, tí ó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2017 tí ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Ren'Py ni wọ́n fi ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irinṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lásán ni.

Ní ti apá kejì, Ren'Py ti múra sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Èkíní ni àṣẹ kan tí ó ń jẹ́ default. Bí ẹ bá fi í kéde gbogbo ohun tí géèmù ní láti rántí, séèfù àtijọ́ tí a bá ṣí nínú ẹ̀yà tuntun yóò gba iye ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Ká ní géèmù yín kò ka iye ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìyá-ọkọ kan nínú ìtàn ní sí olú-ẹ̀dá ní apá kìíní, ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ máa kà á ní apá kejì, séèfù ẹni tí ó ti gbá géèmù náà lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò ní kọ̀ láti ṣí. Èkejì ni àpò fáìlì tí wọ́n ń pè ní old-game, tí a máa ń da àwọn fáìlì .rpyc (ẹ̀dà ìwé ìtàn tí Ren'Py ti yí padà fún kọ̀ǹpútà) ti ẹ̀yà tí ó ti jáde sí, kí Ren'Py lè mọ gbólóhùn tí olúkúlùkù dúró sí kódà lẹ́yìn tí a bá ti ṣàtúnṣe sí ìwé ìtàn. N kò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo pa gbogbo fáìlì .rpyc rẹ́ lọ́jọ́ kan kí àpò iṣẹ́ mi lè mọ́ tónítóní, mo gbé ẹ̀yà tuntun jáde, àwọn tí wọ́n ti dúró sí àárín ìran sì bá séèfù wọn níbi tí wọn kò fi í sí. Ìmọ́tótó ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀kẹta ni MultiPersistent, tí ó ń jẹ́ kí géèmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a fi Ren'Py ṣe ka ìrántí kan náà lórí kọ̀ǹpútà kan, èyí tí yóò wúlò bí apá kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ géèmù tirẹ̀.

TyranoBuilder ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́; à ń rà á lẹ́ẹ̀kan. A kì í kọ kóòdù nínú rẹ̀ bí a kò bá fẹ́, ńṣe ni à ń fi máòsì fa nǹkan wá: àpótí ọ̀rọ̀, àwòrán, orin, yíyàn. Ẹni tí kóòdù ń dẹ́rù bà yóò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ju Ren'Py lọ, n kò sì bá a jiyàn. Ìṣòro rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àpótí bá ti di ọgọ́rùn-ún méjì. Nínú Ren'Py, ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ìtàn; a lè wá orúkọ kan nínú rẹ̀, kí á yí i padà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan, kí á fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tí ó mọ àmì ohùn dáadáa kí ó bá wa kà á. Inú àpótí ni ìtàn ti TyranoBuilder wà lójú ẹni tí ń fi máòsì ṣe é, kíka apá kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí à ń kọ apá kẹrin, kí àwọn ẹ̀dá-ìtàn má baà sọ ohun tí ó ta ko ohun tí wọ́n ti sọ, sì máa ń di iṣẹ́ ńlá. Fún ìtàn kan tí kò ju wákàtí kan lọ, ẹ rà á bí ó bá wù yín. Fún sáà alápá márùn-ún, n kò rò pé ó yẹ.

Unity pẹ̀lú Naninovel, àfikún tí à ń rà fún un, ni ó lágbára jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ó fẹ́ fi eré ìjà, ayé oní-ìhà mẹ́ta (3D) tàbí ẹ̀yà ti ẹ̀rọ Nintendo kún ìtàn rẹ̀ yóò rí ààyè níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ṣùgbọ́n géèmù alápá-púpọ̀ lè gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn sì dà bí ilé tí a yá gbé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Unity kéde pé òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí àwọn ènìyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ wọn. Ariwo ta, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n sì fagi lé e pátápátá ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ẹni tí ó wà ní apá kejì nígbà náà rí i pé òfin irinṣẹ́ lè yí padà kí apá kẹta tó jáde. Bí ẹ kò bá ti mọ Unity tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe tìtorí ìtàn tí a ń kà lásán kọ́ ọ.

Twine, tí ó ti wà láti 2009, ọ̀fẹ́ ni, inú búráúsà ló sì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irinṣẹ́ ìtàn alàwòrán gan-an, ọ̀rọ̀ ni ó ń bójú tó, inú búráúsà olùkà ni séèfù rẹ̀ sì sábà máa ń wà, tí yóò sì pòórá bí olùkà bá nu ìrántí búráúsà rẹ̀. Síbẹ̀ n kì í ṣe iṣẹ́ kankan láìlò ó, nítorí pé ó ń ya àwòrán àwọn ẹ̀ka ìtàn hàn bí okùn tí a so mọ́ra. Ẹ fi í la ọ̀nà ìtàn, kí ẹ tó gbé e lọ sínú Ren'Py.

Àmì ohùn lójú ẹ̀rọ

Bí ìtàn yín bá wà ní èdè Yorùbá, ohun kan tún wà tí àwọn ìfiwéra tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í mẹ́nu kàn. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà àti àmì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan tí ó gùn ún ni kọ̀ǹpútà rí níbẹ̀, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo hàn dípò rẹ̀. DejaVu Sans tí Ren'Py ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àwọn lẹ́tà wa, Noto Sans náà ní wọn. Fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkọlé ni ó sábà máa ń dójú tini. Twine àti TyranoBuilder ń gbára lé búráúsà tàbí ohun tí ó jọ ọ́ láti to lẹ́tà, èyí sì máa ń dára bí fọ́ǹtì bá dára. Nínú Unity, bí ẹ bá lo àkójọ lẹ́tà tí a ti pèsè sílẹ̀ fún TextMeshPro, ohun tí ń fi ọ̀rọ̀ hàn nínú Unity, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé gbogbo lẹ́tà àti àmì wa wà nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí òfìfo ni olùkà yóò rí.

Kí ẹ tó yan irinṣẹ́ tàbí fọ́ǹtì, ẹ tẹ gbólóhùn bíi «Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ́gun ẹ̀rù ọ̀sán» sínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù kékeré. Bí ẹ bá sì ń gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbá géèmù, ẹ rántí pé ọ̀nà méjì ni kíbọọdù lè gbà kọ lẹ́tà bíi Ṣ, tí ojú yóò rí bákan náà ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà yóò kà sí ohun méjì, apá kejì tí ó ń bi ara rẹ̀ pé «ṣé Ṣadé ni orúkọ rẹ̀?» lè gba èsì bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ Ṣadé gan-an.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ní ẹ̀yà Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá, Ren'Py ní ètò ìtúmọ̀ nínú. Ó kàn jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ gbólóhùn fúnra rẹ̀ ni ó ti ń ṣẹ̀dá àmì ìdánimọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá tún àmì ohùn kan ṣoṣo ṣe lẹ́yìn tí ìtúmọ̀ ti parí, gbólóhùn náà àti ìtúmọ̀ rẹ̀ yóò pínyà. Ẹ tún àmì ohùn ṣe tán pátápátá, kí ẹ tó túmọ̀.

Ẹ̀ka melòó ni ẹnìkan lè gbé?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Bí yíyàn mẹ́ta bá wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín ìtàn sí méjì títí láé, ọ̀nà mẹ́jọ ni yóò wà ní òpin apá kìíní, 64 ní òpin apá kejì, 512 ní òpin apá kẹta. Kò sí ẹ̀dá tí ó lè dá kọ ọ́. Ohun tí a lè ṣe dípò rẹ̀ ni kí ẹ̀ka yapa bí omi tí ó yí òkúta ká, kí ó sì tún padà di odò kan, kí a wá gbé ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré kọjá sínú apá kejì: ṣé ó jẹ́wọ́, ta ni ó gbà gbọ́, ṣé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ohun díẹ̀ wọ̀nyí lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn padà nínú ogún ìran láìbí ìran tuntun kan.

Ọ̀nà kẹta wà tí a kì í sábà rò, èyí ni àìní yíyàn rárá. Higurashi no Naku Koro ni, tí òǹkọ̀wé kan ní Japan tí ó ń jẹ́ orúkọ Ryukishi07 kọ, tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, kò ní ẹ̀ka kankan nínú ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́. Apá mẹ́jọ ni. Èkíní jáde ní Comiket, ọjà iṣẹ́ àwọn aládàáṣe ní Japan, ní oṣù Kẹjọ 2002, èkẹjọ sì jáde ní oṣù Kẹjọ 2006. Dípò kí olùkà yan ọ̀nà, ìtàn ni ó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan tí ohun mìíràn sì ṣẹlẹ̀, olùkà wá di ẹni tí ó ń to àdììtú pọ̀ láti apá dé apá. Ẹ kíyè sí wàhálà tí èyí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: séèfù apá kìíní kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní apá kejì. Ìrántí wà lórí olùkà, kò sí nínú fáìlì. Àwòrán rẹ̀ kò dán, fọ́tò tí a fi kọ̀ǹpútà yí díẹ̀ ni àwọn àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn dúró dè é.

Ọ̀nà mẹ́ta tí apá lè gbà jáde

Ìtàn tí ń jáde díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí èdè wa. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó gbé irú rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láàárín 1929 àti 1930. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra Akéde kò ní séèfù kankan tí ó lè bàjẹ́. Tiwa ní.

Ọ̀nà kìíní ni géèmù kan ṣoṣo tí ń dàgbà: olùkà gba géèmù lẹ́ẹ̀kan, apá kejì sì dé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tuntun. Èyí ni ó rọrùn jù fún séèfù, nítorí pé ohun gbogbo wà lójú kan. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan ti di ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè títí apá ìkẹyìn. Kentucky Route Zero, tí ènìyàn mẹ́ta ṣe, ta gbogbo ìṣe márùn-ún (bí wọ́n ṣe ń pe apá rẹ̀) ṣáájú; ìṣe kìíní jáde ní oṣù Kìíní 2013, ìkarùn-ún sì jáde ní oṣù Kìíní 2020. Ọdún méje ni, èèyàn mẹ́ta sì ni wọ́n. Iṣẹ́ náà gba ìyìn púpọ̀, n kò sì sọ pé wọ́n ṣe àìdáa, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì múlẹ̀ kò lè rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn olùkà.

Ọ̀nà kejì ni kí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ géèmù tirẹ̀. Gbèsè kò sí, nítorí pé ohun tí olùkà san owó rẹ̀ ni ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ìrántí yóò gbà kọjá. MultiPersistent ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kò sì wúlò fún ẹni tí ó gbá apá kìíní lórí kọ̀ǹpútà tí ó wá ra apá kejì sórí fóònù. Ohun tí mo gbà níyànjú ni kí apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìran kékeré kan tí ẹ̀dá-ìtàn kan ti ń bi olú-ẹ̀dá ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn olùkà ni yóò di séèfù. Kò gba kóòdù tí ó le, ó ń rán olùkà létí ìtàn tí ó ti gbàgbé, ẹni tí kò gbá apá kìíní pàápàá lè wọlé láti ibẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ parí gbogbo sáà náà kí apá kìíní tó jáde, kí ẹ wá máa tú u sílẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ òòjọ́ mìíràn kò ní rí ọ̀nà tí ó fi í lọ́kàn balẹ̀ jù èyí lọ. Ohun tí ẹ pàdánù ni etí-ìgbọ́: bí olùkà bá fẹ́ràn ẹ̀dá-ìtàn tí ẹ ti pa ní apá kẹta, ó ti kú náà nìyẹn. Èmi máa ń da ọ̀nà yìí pọ̀ mọ́ kíkọ apá bí wọ́n ṣe ń jáde, tí mo ń parí apá méjì sílẹ̀ nígbà gbogbo kí ọ̀kan tó jáde, kí àìsàn tàbí àìsí iná má baà dá olùkà dúró, kí àyè sì wà láti yí ọwọ́ padà ní apá kẹta.

Ibi tí a ó tà á

Àwọn òṣùwọ̀n níhìn-ín rọrùn. Lórí itch.io, tí ó ti wà láti 2013, a kì í san nǹkan kan kí á tó gbé géèmù síbẹ̀, ẹni tí ó ń tà sì ni ó ń pinnu ìdá tí ilé ọjà náà yóò gbà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bí kò bá yí i padà. Steam ń gba 100 dọ́là lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dá padà nígbà tí géèmù náà bá pa 1,000 dọ́là, wọ́n sì ń mú ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà kejì, tí ó sọ apá márùn-ún di géèmù márùn-ún níbẹ̀, 500 dọ́là ni yóò kọ́kọ́ san. Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìtàn tí ó gba ọdún mẹ́ta yóò san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Google Play ń gba 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n àkáǹtì tuntun tí ó jẹ́ ti ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí ènìyàn 12 tí yóò dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra kí ó tó lè jáde fún gbogbo ènìyàn. Ẹ ti máa wá àwọn méjìlá náà láti ìsinsìnyí.

Fóònù Android ni púpọ̀ nínú àwọn tí yóò ka Yorùbá nílé ní lọ́wọ́, dátà wọn kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́, nítorí náà ẹ fi WebP pèsè àwòrán, kí ẹ sì fi Opus pèsè orin, irú fáìlì tí kì í tóbi ni wọ́n, Ren'Py sì mọ méjèèjì. Ju ìyẹn lọ, ẹ tọ́jú fáìlì kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù áàpù yín, èyí tí fóònù fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀yà tuntun ti wá, sí ibi méjì ó kéré tán. Bí ẹ bá ń pín APK (fáìlì áàpù Android) fúnra yín tí kọ́kọ́rọ́ náà sì sọnù, fóònù yóò kọ apá kejì, àfi bí olùkà bá kọ́kọ́ yọ ẹ̀yà àtijọ́ kúrò, bí ó bá sì ti yọ ọ́, séèfù rẹ̀ bá a lọ.

Ní ti àwòrán, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Yíyà á fúnra ẹni ń gba àkókò, gbígba ayàwòrán ń gba owó ní apá kọ̀ọ̀kan, ayàwòrán tí ó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní apá kẹta yóò yí ojú gbogbo ẹ̀dá-ìtàn padà. Fọ́tò kò burú. Atọ́ka, ìwé ìròyìn tí ó fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn ní èdè Yorùbá láyé àtijọ́, ti fi hàn pé fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbé eré dúró. Ẹ kàn ya gbogbo fọ́tò ojú ẹ̀dá-ìtàn kan, pẹ̀lú ẹ̀rín, ìbínú, ẹkún àti ìyàlẹ́nu, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú aṣọ kan náà, kí ẹ sì ya ti apá márààrún pọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, Twine ni n ó fi la ìtàn, Ren'Py ni n ó fi kọ ọ́, itch.io ni yóò ti kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí géèmù kan ṣoṣo tí ń dàgbà, tí owó apá kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ olùkà láti san bí ó bá ṣe fẹ́. Kí apá kìíní tó jáde, n ó kọ ìran márùn-ún àkọ́kọ́ ti apá kejì, bí kò tilẹ̀ tíì dára, n ó pe ọ̀rẹ́ kan kí ó gbá apá kìíní tán, kí ó séèfù ní àárín ìran ìkẹyìn, n ó gbé ẹ̀yà tí ó ní apá kejì lé e lórí lójú rẹ̀, n ó sì ní kí ó ṣí séèfù náà.